Ẹ Má Pe Ìyá Tó Ń Ṣarán Ní Àjẹ́

Bí ìyá yín tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún bá bi yín ní nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mẹfà kí ọbẹ̀ tó hó, bí ó bá dìde lóru tó ní òun ń lọ sí oko tí ẹ ti tà láti ọjọ́ pípẹ́, bí ó bá ń bá àwọn tó ti kú sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n jókòó tì í, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé e lọ síbi tí wọn yóò ti ní kó jẹ́wọ́. Kò ní ohun tí yóò jẹ́wọ́. Àìsàn ló ń ṣe é, inú ọpọlọ rẹ̀ sì ni àìsàn náà wà, nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ọ̀kà ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ yìí. Gaàrí àti irú ló tà tó fi tọ́ ọmọ márùn-ún. Orí ló fi ń ka gbèsè gbogbo oníbàárà rẹ̀, kì í kọ ọ́ sílẹ̀, kì í sì í ṣì í. Gbèsè yẹn ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé. A rẹ́rìn-ín. Ó fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, a tún rẹ́rìn-ín, a ní àgbà ti dé sí i. Ìgbà tó wá ń sọ pé ọmọ ọmọ rẹ̀ jí owó òun, tó ń bá ẹni tí a kò rí sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀ yàrá, ẹ̀rín tán lẹ́nu wa. Àwọn kan nínú ẹbí ní ọwọ́ ayé ni, wọ́n gbé e lọ sí ilé àdúrà kan. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn kò fún un lóúnjẹ. Wọ́n bi í pé ta ló pa ọkọ rẹ̀, ó ní òun ni. Wọ́n bi í pé ta ló de ọmọ rẹ̀ obìnrin tí kò fi bímọ, ó ní òun ni. Bí wọ́n bá bi í pé ta ló to àpáta jọ di òkè Ọ̀kà, ìdáhùn kan náà ni ìbá fọ̀.

Ẹni tí arán bá mú a máa fara mọ́ ohun tí wọ́n bá sọ fún un. Àlàfo ti wà nínú iyè rẹ̀, ohun tí ẹ bá sì kì bọ ibẹ̀ ni yóò gbà pé òun mọ̀ rí. Irọ́ kọ́ ló ń pa, ìjẹ́wọ́ sì kọ́. Ẹni tí ebi ń pa, tí oorun ń kùn, tí ogún èèyàn dúró lé lórí tí wọ́n ń pariwo, ohunkóhun ni yóò sọ kí wọ́n lè jẹ́ kó lọ sùn.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ ọ̀hún? Ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ́ wa pé ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja ní èròjà amúaradàgbà, ìyẹn purotéènì. Ohun tí wọn kò bá wa débẹ̀ ni pé ara a máa tú purotéènì inú oúnjẹ palẹ̀, a sì fi òwú rẹ̀ hun tirẹ̀. Ìlànà híhun purotéènì tó wà nínú ara èèyàn tó nǹkan bí 20,000. Purotéènì ni iṣan, òun ni irun, òun ló ń gbé afẹ́fẹ́ kiri nínú ẹ̀jẹ̀, òun ló ń da oúnjẹ nínú ìfun.

Ẹ wo gèlè. Nígbà tí a rà á lọ́jà Ìkàrẹ́, aṣọ gbọọrọ lásán ni. Wíwé tí a wé e ló sọ ọ́ di gèlè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni purotéènì: ó ń jáde bí okùn gígùn, kò sì lè ṣiṣẹ́ kankan àfi bí ó bá ká, tó wé, tó dúró bó ṣe yẹ. Nínú sẹ́ẹ̀lì, àwọn purotéènì kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n dúró ti èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hun, kí wọ́n bá a wé ara rẹ̀ re, bí ọ̀rẹ́ ìyàwó ti ń bá ìyàwó mú etí gèlè. Èyí tí kò bá ṣeé tún wé mọ́, sẹ́ẹ̀lì a sàmì sí i lára, a sì tì í sínú ohun kan tó dà bí ẹ̀rọ ọlọ, tí yóò gé e wẹ́wẹ́. Aaron Ciechanover, Avram Hershko àti Irwin Rose ló tú àṣírí àmì yẹn, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2004. Èyí tó bá ti di òkìtì, tí ẹ̀rọ ọlọ kò lè gbà, sẹ́ẹ̀lì a fi awọ fẹ́lẹ́ yí i ká, a gbé e lọ síbi tí omi kíkan yóò ti jẹ ẹ́ túútúú, a sì tún fi àjẹkù rẹ̀ hun tuntun. Yoshinori Ohsumi, ọmọ ilẹ̀ Japan, ló fi ìwúkàrà wádìí bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀, ó sì gba Nobel tirẹ̀ ní 2016.

Híhun, wíwé, gbígbá: bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ṣe déédéé, ara á le. Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, ọwọ́ agbálẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Àwọn tó ń wé e á dín kù, ẹ̀rọ ọlọ á máa falẹ̀, omi kíkan kò ní í mú bí ti àtẹ̀yìnwá. Purotéènì tí kò wé dáadáa á wá máa lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ní 2013, Carlos López-Otín àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ àmì mẹ́sàn-án tí a fi ń mọ̀ pé ara ń darúgbó sílẹ̀. Ìdàrúdàpọ̀ purotéènì yìí wà lára wọn. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di méjìlá ní 2023, ó ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí ohun tí mò ń wí nínú ilé ìdáná. Ẹ fọ́ ẹyin sínú àwo: omi ara rẹ̀ mọ́ gaara, ẹ lè rí ìdí àwo. Ẹ dà á sórí iná, ó di funfun, kò sì ní í mọ́ gaara mọ́ láé. Kò sí ohun tí ẹ fi kún un. Purotéènì inú rẹ̀ ló tú kúrò bó ṣe wé tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì dì mọ́ra wọn. Ohun tó jọ èyí ló ń ṣẹlẹ̀, láìsí iná, nínú ẹyin ojú àwọn àgbàlagbà wa. Dígí kékeré kan wà nínú ojú tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Purotéènì tó wà láàárín gbùngbùn rẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí a tó bí èèyàn, ara kì í sì í pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn àádọ́rin ọdún nínú oòrùn, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dì, dígí á funfun, ojú á ṣókùnkùn. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ewu rẹ̀ pọ̀. Àwọn kan ń rìn kiri láti ìlú dé ìlú, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń ti dígí yẹn ṣubú sínú ojú. Ẹni tí wọ́n ṣe é fún a máa rí ìmọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà, a máa sunkún ayọ̀, a máa sanwó. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú ojú tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ irú àìsàn yìí fún, ó lé ní ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá tó jẹ́ ọwọ́ àwọn alábẹ́rẹ́ wọ̀nyí ni wọ́n bọ́ sí, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ojú náà ló sì fọ́ pátápátá. Dókítà ojú a máa yọ dígí tó bàjẹ́ náà jáde, a fi tuntun sí i, ojú á sì là. Ẹ má fi ojú òbí yín tọrẹ fún alábẹ́rẹ́.

Ọpọlọ náà ní irú ìṣòro ojú yẹn. Awọ ara wa a máa bó, a máa hu tuntun, ìdọ̀tí inú sẹ́ẹ̀lì àtijọ́ á sì bá a lọ. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni a óò lò dójú ikú, ìdọ̀tí tí wọn kò bá sì gbá, inú ibẹ̀ ni yóò wà. Ní 1901, wọ́n gbé obìnrin kan tó ń jẹ́ Auguste Deter lọ sí ilé ìwòsàn ní Frankfurt, ní Jámánì. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta péré ni. Ó ń gbàgbé, ó ń fura sí ọkọ rẹ̀, ó ń fa aṣọ orí ibùsùn kiri ilé. Nígbà tó kú, Alois Alzheimer yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, ó rí èérún tó dì sí ìta sẹ́ẹ̀lì àti okùn tó lọ́ pọ̀ mọ́ra nínú sẹ́ẹ̀lì, ó sì sọ ohun tó rí fún àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1906. Purotéènì ni méjèèjì. Amyloid ni à ń pe ti ìta lónìí, tau ni ti inú. Àìsàn tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, tó ń mú ẹsẹ̀ wọ́ nílẹ̀, tó ń mú ojú gan bí ère, purotéènì mìíràn ló ń dì nínú tirẹ̀. A kúkú ti mọ irú nǹkan báyìí tipẹ́ nílẹ̀ wa: fòníkú-fọ̀ladìde, purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ pupa ló ń dì di ọ̀pá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbí ni wọ́n ti bí tiẹ̀ mọ́ èèyàn, kì í ṣe ti ogbó.

Àwọn kan á sọ pé àìsàn òyìnbó ni. Rárá o. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀súntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú Hugh Hendrie àti àwọn tiẹ̀ ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn arúgbó láti 1992, àwọn ará Ìdíkàn ní Ìbàdàn àti àwọn adúláwọ̀ Indianapolis. Ilé sí ilé ni wọ́n lọ ní Ìdíkàn, èdè Yorùbá ni wọ́n fi bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Ọ̀súntókun kú ní 1995, àwọn tó kù ń bá iṣẹ́ lọ, èsì sì jáde ní 2001. Nínú ọgọ́rùn-ún arúgbó Indianapolis, ẹni 3.24 ni arán ń mú lọ́dún. Ní Ìbàdàn, 1.35 ni. Inú mi dùn sí i pé tiwa kéré. Ṣùgbọ́n ẹ ka èkejì rẹ̀ pẹ̀lú: ó wà láàárín wa. Ní gbogbo ọdún ni ó ń mú arúgbó Yorùbá, kì í ṣe pé wọ́n lọ sípàdé òru.

Ohun kan wà tó máa ń ṣi àwa ọmọ lọ́nà jù. Ìyá tí kò rántí pé òun ti jẹun àárọ̀ lè ki oríkì ìdílé ọkọ rẹ̀ délẹ̀, kò ní fo ẹyọ kan. Ẹ bá pè é lórí fóònù láti Èkó tàbí Àbújá lọ́jọ́ Àìkú, yóò kí yín dáadáa, yóò ṣàdúrà gígùn, ẹ ó sì máa rò pé aládùúgbò tó ní ó ń ṣìwà hù ń purọ́ mọ́ ọn ni. Ibi tí ọpọlọ ń kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ tuntun sí ló sábà máa ń bàjẹ́ ṣáájú. Ohun tó ti wọlé láti ọgọ́ta ọdún ti ta gbòǹgbò, ìkíni àti àdúrà sì ti mọ́ ahọ́n lára. Nítorí náà, ẹ má wí pé ohun tó bá wù ú ló ń gbàgbé. Ẹ wá sílé, ẹ sùn lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ wo bó ṣe ń dáná, bó ṣe ń ka owó, bó ṣe ń wọ aṣọ.

Kí gbogbo wa sì mọ̀ pé òfin wà. Abala 210 nínú ìwé òfin ọ̀daràn tí à ń lò ní gúúsù Nàìjíríà sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ẹnikẹ́ni pe ẹlòmíràn ní àjẹ́. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ló wà níbẹ̀. Èmi ò rò pé ẹ̀wọ̀n ló ń dùn wá jù. Ohun tó yẹ kó dùn wá ni ìyá tó ń ṣàìsàn, tí ọmọ tó pọ̀n ń fi okùn dè.

Kì í ṣe gbogbo ìdàrúdàpọ̀ ni arán o. Arán kì í sábà dé lójijì. Bí àgbàlagbà tó mọ orúkọ gbogbo yín láàárọ̀ Ọjọ́rú kò bá mọ ẹnikẹ́ni mọ́ lálẹ́, ẹ sáré: ó lè jẹ́ ibà, ó lè jẹ́ kòkòrò nínú ìtọ̀, ó lè jẹ́ pé kò mu omi tó nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ó lè jẹ́ pé ṣúgà ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí ló ní ìtọ́jú bí a bá tètè dé ilé ìwòsàn. Bí ó bá ṣubú lórí àpáta ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn tó wá ń sùn jù, tó ń ṣe bákan, ẹ sọ fún dókítà pé ó ṣubú. Ẹ̀jẹ̀ lè máa kóra jọ sínú agbárí díẹ̀díẹ̀. Ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò sínú ọ̀rá, ẹ gbé e dání. Píríton tí a ń rà ní kẹ́míìsì nítorí ara yíyún, àti oògùn oorun, a máa da àgbà láàmú lórí ju bí a ti rò lọ. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ìkàrẹ́, Federal Medical Centre sì wà ní Ọ̀wọ̀, kò jìnnà.

Mo tún fẹ́ kìlọ̀ lórí àwọn tó ń polówó ìgò nínú bọ́ọ̀sì àti ní gáréèjì. Wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì. Wọ́n á ní tàwọn ń fọ sẹ́ẹ̀lì, ó ń sọ àgbà di ọ̀dọ́, ó ń dá iyè padà. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: títí di bí mo ti ń kọ èyí, kò sí oògùn kan láyé tó ń wo arán sàn. Ọ̀kan lára àwọn tuntun, lecanemab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí pátápátá ní 2023, ń gbá amyloid kúrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kàn ń fa ẹsẹ̀ àìsàn náà sẹ́yìn díẹ̀ ni, fún ẹni tí tiẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè mú kí ọpọlọ wú tàbí kó ṣẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá nàka sí nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò, ẹ ka ohun tó tún wà lára rẹ̀: ọ̀pọ̀ àgbo bẹ́ẹ̀ ló ń kọ ọ́ sí i fúnra wọn pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí àwọn ń sọ wò. Àwọn mìíràn á ní ààwẹ̀ ló ń gbá sẹ́ẹ̀lì. Òtítọ́ ni pé nínú ẹranko tí wọ́n fi ń ṣèwádìí, ebi a máa jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tètè jẹ ìdọ̀tí inú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, tí ẹ fi ebi pa láti àárọ̀ dalẹ́, ṣúgà rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ débi tí kò ní í jí mọ́.

Oúnjẹ gan-an ni kí ẹ fún un. Ọ̀pọ̀ arúgbó wa, iyán, ẹ̀bà àti ẹ̀kọ ni wọ́n ń jẹ látàárọ̀ dalẹ́, ẹran inú ọbẹ̀ á bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ọmọ, nítorí wọ́n gbà pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ bá wọn ṣe àwo tiwọn lọ́tọ̀. Àwọn onímọ̀ ní ẹni tó lé ní 65 ọdún nílò purotéènì tó gíráàmù kan sí 1.2 fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n lójúmọ́; ìyá tó wọ̀n 60 kílò á nílò 60 sí 72 gíráàmù. Ẹyin kan ní nǹkan bíi mẹ́fà. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ rọ̀, kò bèèrè eyín. Gbẹ̀gìrì rọ̀, wàrà rọ̀, ẹja tí a yọ egungun rẹ̀ rọ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu ni kó kọ́kọ́ bi dókítà. N kò sọ pé ẹ̀wà ń gbá ọpọlọ mọ́ o. Iṣan ló ń ró, iṣan ni kì í sì í jẹ́ kí àgbà ṣubú.

Fún àwa tí a ṣì wà ní ogójì sí ọgọ́ta ọdún, ọ̀rọ̀ wà. Ní 2024, àwọn onímọ̀ tí ìwé ìròyìn Lancet kó jọ sọ pé bí a bá lè mú nǹkan mẹ́rìnlá kúrò lọ́nà, ó tó ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún arán àgbáyé tí kò ní í wáyé tàbí tí yóò pẹ́ kó tó dé. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà wà níbẹ̀, sìgá àti ọtí àmujù, etí dídi, ojú tó ń ṣókùnkùn tí a kò tọ́jú, ìjókòó sójú kan, àti dídá wà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ, nítorí kì í dun èèyàn, oògùn rẹ̀ sì ń bẹ. Dídá wà ló sì ń pa àwọn arúgbó wa jù, nínú ilé ńlá yàrá mẹ́jọ tí a kọ́ tí a kò gbé.

Fún ẹni tí arán ti mú, títì náà léwu. Ọ̀nà tó gba agbègbè wa ni àwọn ọkọ̀ àjàgbé ń gbà já láti Kábà lọ sí Ọ̀wọ̀, pẹ̀lú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. A kò tíì gbàgbé oṣù kìíní 2021, nígbà tí ọkọ̀ sìmẹ́ńtì kan já lu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níwájú yunifásítì ní Àkùngbá. Ẹni tí arán mú a máa rìn jáde, kì í sì í yà fún ọkọ̀. Ẹ gbé àgádágodo síbi tí ojú rẹ̀ kò ti ní í tètè lọ, kí ẹnìkan sì wà nínú ilé pẹ̀lú rẹ̀, nítorí iná. Ẹ rán orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù yín mọ́ inú ìró rẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ọlọ́kadà tó wà ní ẹ̀bá ilé pé, bí ẹ bá rí Màmá, ẹ bá wa dá wọn padà.

Ẹ má bá a jiyàn. Ó pẹ́ kí n tó mọ èyí. Tẹ́lẹ̀, bí ẹ̀gbọ́n ìyá mi bá ní kí n lọ pe bàbá àwọn wá láti oko, màá ní bàbá ti kú láti ìgbà tí wọn kò tíì bí mi. Á bú sẹ́kún, ẹkún ọ̀fọ̀ tuntun, bí ẹni pé òwúrọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n túfọ̀ fún un. Lọ́la ẹ̀wẹ̀, yóò tún bi mí, èmi náà á tún pa bàbá lẹ́ẹ̀kejì. Nísinsìnyí, orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú ló fi ń pè mí, mo sì ń jẹ́ ẹ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò ń rọ̀, ọ̀lẹ̀lẹ̀ wà níwájú rẹ̀, ó ní kí n sáré lọ wo bàbá lóko, ilẹ̀ ti ń ṣú.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí òjò dá, Màmá. Màá lọ wò wọ́n."

Ó ní kí n má gbàgbé láti mú fìtílà dání.